Kúìtì Gee's Bend

Kúìtì Gee's Bend ni orúkọ tí a fi ń pe àwọn aṣọ ìbora tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ń fi ọwọ́ rán láti inú ègé aṣọ ní abúlé Gee's Bend, ní agbègbè Wilcox, ìpínlẹ̀ Alabama, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Boykin ni orúkọ abúlé náà nínú ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ ni ó gbajúmọ̀. Nítorí òtútù ni wọ́n ṣe ń rán àwọn aṣọ wọ̀nyí, kì í ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni yóò wá wò wọ́n. Síbẹ̀, láti ọdún 2002 ni àwọn mùsíọ́mù ńlá ti ń gbé wọn kọ́ ara ògiri gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, àwọn tí ó sì ń fi ìránṣọ ọwọ́ ṣe ìgbafẹ́ ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ń wò wọ́n kọ́gbọ́n, pàápàá àwọn tí ìlànà inú ìwé bátànì ti sú.

Ọ̀rọ̀ náà àti ohun tí ó ń tọ́ka sí

Èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó bá kúìtì mu régí. Àbùlẹ̀ ni ègé aṣọ tí a rán mọ́ ibi tí aṣọ ti ya, bí a bá sì sọ pé ènìyàn wọ aṣọ alábùlẹ̀, ìṣẹ́ ni ọkàn olùgbọ́ kọ́kọ́ ń lọ. Kì í ṣe gbogbo àbùlẹ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀kú egúngún tí a fi ègé aṣọ olówó iyebíye ṣe, tí ìdílé sì ń fi aṣọ tuntun kún láti ọdún dé ọdún, ohun iyì ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ìtumọ̀ ti ìṣẹ́ ni ó borí. Nítorí náà ni a ṣe lo kúìtì nínú àyọkà yìí, a sì fi àbùlẹ̀ sílẹ̀ fún ègé kọ̀ọ̀kan tí ó wà lójú rẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ni kúìtì ní. Àkọ́kọ́ ni ojú rẹ̀, èyí tí a fi àbùlẹ̀ oríṣiríṣi rán pọ̀. Èkejì ni òwú tàbí ohun rírọ̀ mìíràn tí a tẹ́ sí àárín kí ó lè móoru. Ẹ̀kẹta ni aṣọ tí ó wà lábẹ́. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú rẹ̀: a óò kọ́kọ́ rán àbùlẹ̀ mọ́ àbùlẹ̀ títí ojú aṣọ yóò fi pé, lẹ́yìn náà ni a óò wá fi abẹ́rẹ́ gún ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já, wọlé-jáde, wọlé-jáde, kí wọ́n lè dì mọ́ ara wọn. Iṣẹ́ kejì yìí gan-an ni ó sọ aṣọ di kúìtì. Bí kò bá sí i, òwú inú yóò kó jọ sí ibì kan bí ìrọ̀rí tí ó ti gbó.

Iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́, irú èyí tí a ń ṣe sí ọrùn àti àyà agbádá, jẹ́ ìbátan kúìtì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́, òwú ìránṣọ fúnra rẹ̀ ni ọ̀ṣọ́, aṣọ kàn jẹ́ ilẹ̀ tí a tẹ́ ọ̀ṣọ́ náà sí ni. Nínú kúìtì, àwọ̀ àti ìrísí àbùlẹ̀ ni ó ń gba iwájú, ipa abẹ́rẹ́ sì ń tẹ̀ lé e. Àwọn kan pa méjèèjì pọ̀: ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àṣà kan gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń rán ègé ṣẹ́dà àti àrán pọ̀ láìtẹ̀lé ìlà, tí wọ́n sì ń fi òwú aláràbarà ṣe ọnà sí gbogbo ojú ìrán. Àwọn obìnrin tí ó ní àkókò àti owó ni ó sábà máa ń ṣe irú rẹ̀. Ní Gee's Bend, kò sí ṣẹ́dà, kò sì sí òwú aláràbarà. Ègé aṣọ ni wọ́n ní, òun náà ni wọ́n fi dárà.

Ìtàn abúlé náà

Odò Alabama yí Gee's Bend ká lọ́nà mẹ́ta, ìdí nìyí tí abúlé náà fi dà bí erékùṣù. Joseph Gee láti ìpínlẹ̀ North Carolina ni ó dá oko òwú sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1816, pẹ̀lú àwọn ẹrú tí ó kó wá. Ní 1845, gbèsè mú kí oko náà bọ́ sọ́wọ́ Mark H. Pettway. Nígbà tí Pettway ń bọ̀ wá máa gbé ibẹ̀, ó kó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹrú láti North Carolina, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi rìn dé Alabama. Títí di òní, Pettway ni orúkọ ọ̀pọ̀ ìdílé ní abúlé náà, àní àwọn tí kò bá ara wọn tan. Ẹni tí ó bá ń ka orúkọ àwọn tí ó rán kúìtì wọ̀nyí yóò rí i pé orúkọ olówó ẹrú ni ó wà lára iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ ẹrú.

Lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti di èèwọ̀ lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún, ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó nǹkan bí àádọ́fà ènìyàn láti Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní, wá sí Mobile ní Alabama ní 1860. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń sọ èdè Yorùbá. Arlonzia Pettway, ọ̀kan nínú àwọn tí a mọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó rán kúìtì, máa ń sọ ìtàn ìyá ńlá ìdílé rẹ̀, Dinah Miller, tí wọ́n fi ọkọ̀ kó wá láti Áfíríkà. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2024, òǹpìtàn Hannah Durkin so ìtàn àwọn tí Clotilda kó wá pọ̀ mọ́ ti Gee's Bend.

Nígbà tí ìsìnrú parí, àwọn ará abúlé di àgbẹ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n ń fi lára òwú tí wọ́n bá kórè san ìṣákọ́lẹ̀. Ọdún 1932 ni ojú pọ́n wọn jù. Oníṣòwò kan ní Camden, ìlú tí ó wà ní òdìkejì odò, tí ó máa ń tà wọ́n láwìn, kú. Opó rẹ̀ sì ní kí wọ́n lọ gba gbèsè náà. Nǹkan bí ọgọ́ta ilé ni wọ́n gbọ́n gbẹ́: wọ́n kó ìbaaka, màlúù, adìyẹ, irinṣẹ́ oko, àti àgbàdo tí wọ́n ti kó sí àká. Oúnjẹ ẹgbẹ́ Red Cross ni kò jẹ́ kí ebi pa ọ̀pọ̀ wọn kú ní ìgbà òtútù náà. Ní 1937, ìjọba àpapọ̀ ra ilẹ̀ oko náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tuntun, ó sì tà á fún àwọn ará abúlé fúnra wọn díẹ̀díẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Arthur Rothstein, ayàwòrán tí ìjọba rán wá ní ọdún 1937 yẹn, ya àwòrán inú àwọn ilé àtijọ́: ilé igi ni, ìwé ìròyìn sì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kí afẹ́fẹ́ má baà gba ihò wọlé. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kúìtì kan kì í tó. Wọ́n máa ń tẹ́ òmíràn lé orí àkọ́kọ́, wọ́n á tún tẹ́ òmíràn sábẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń rán an

Ohun tí ó bá ti gbó ni wọ́n ń lò. Sòkòtò iṣẹ́ tí orúnkún rẹ̀ ti já, ṣẹ́ẹ̀tì, kaba, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, àpò ìyẹ̀fun àti àpò ajílẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n ń sọ nù. Wọ́n á tú àpò, wọ́n á fọ̀ ọ́ títí ọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí i lára yóò fi ṣá, wọ́n á sì sọ ọ́ di aṣọ abẹ́. Òwú tí ó bá já bọ́ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀rọ tí ó ń yọ èso òwú ni wọ́n ń gbá jọ, tí wọ́n ń fi igi lù kí ìdọ̀tí lè jáde kí ó sì lè fẹ̀, kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sí àárín.

Aṣọ tí ó ti gbó lára ènìyàn ní nǹkan tí aṣọ tuntun kò ní. Lójú sòkòtò àgbẹ̀, ibi tí àpò wà kì í ṣá bí ibi tó kù. Bí a bá wá tú àpò náà kúrò, àmì aláwọ̀ búlúù dúdú yóò hàn níbẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin Gee's Bend kì í fi irú àmì bẹ́ẹ̀ pamọ́. Èyí tí a mọ̀ jù nínú irú kúìtì yìí ni èyí tí Missouri Pettway rán ní 1942 lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Aṣọ tí ọkọ náà fi ń lọ sóko ni ó gé, tí ó sì rán pọ̀. Arlonzia, ọmọ rẹ̀, tí ó ràn án lọ́wọ́, ṣàlàyé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ìyá òun fẹ́ fi ṣe ìrántí ọkọ rẹ̀ ni, kí ó sì máa rí ìfẹ́ rẹ̀ fi bora. Ojú kúìtì náà kò ní ọ̀ṣọ́ kankan ju búlúù àti eérú tí òòrùn ti pa dà, pẹ̀lú ìwọ̀nba pupa, ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ abúlé yìí, ó ṣòro láti rí èyí tí ó wúwo tó o.

Rírán ojú kúìtì jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan. Obìnrin á ṣe é nílé rẹ̀, lálẹ́, nígbà tí iṣẹ́ oko àti ti ilé bá ti parí, nídìí àtùpà tàbí iná ààrò. Kò sí ẹni tí ó ń bá a dá sí i. Gígún ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni iṣẹ́ ẹgbẹ́: wọ́n á na kúìtì sórí férémù igi, àwọn ọ̀rẹ́ àti ìbátan á jókòó yí i ká, wọ́n á máa kọ orin ẹ̀mí, wọ́n á máa gbàdúrà, wọ́n á sì máa ṣòfófó. Àwọn ọmọdé a máa jókòó sábẹ́ férémù, wọ́n á máa wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń yọ lókè orí wọn tí ó tún ń pa dà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ iṣẹ́ náà.

Bátànì àti ọ̀nà tara ẹni

Bátànì tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Housetop, ìyẹn òrùlé ilé. Ègé onígun mẹ́rin kékeré kan ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ní àárín. A óò rán ọ̀já aṣọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, a óò yí i, a óò rán òmíràn, títí onígun mẹ́rin náà yóò fi máa tóbi síta bí ìgbà tí ènìyàn dúró sókè tí ó ń wo òrùlé. Bricklayer, ìyẹn bíríkìlà, ń to ọ̀já aṣọ bí ẹni to bíríkì sókè bí àtẹ̀gùn. Pine Burr ni ó gba sùúrù jù: ọgọ́rọ̀ọ̀rún ègé kéékèèké tí a ká ní ìrísí onígun mẹ́ta ni a ń tò léra wọn yípo, títí wọn yóò fi dà bí èso igi páìnì. Ní 1997, ìpínlẹ̀ Alabama sọ Pine Burr di kúìtì ìpínlẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n orúkọ bátànì kò sọ ohun tí ó pọ̀ fún wa. Yorùbá ní ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀. Ní Gee's Bend, ọmọbìnrin a máa tọ ọ̀nà ìyá rẹ̀ dé ibì kan, lẹ́yìn náà a yà sí tirẹ̀. Wọ́n ní orúkọ fún èyí pàápàá: bí kúìtì kò bá jọ bátànì kankan, ẹni tí ó rán an á sọ pé ọ̀nà tòun nìyẹn. Nínú Housetop kan, ọ̀já pupa kan lè gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá nígbà tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tó kù jẹ́ búlúù. Ìlà lè tẹ̀. Igun kan lè sanra ju ìkejì lọ. Ẹni tí ó bá fi ojú télọ̀ wò ó lè sọ pé aránṣọ ṣìṣe; ṣùgbọ́n bí a bá to kúìtì mẹ́wàá láti ọwọ́ obìnrin kan náà síwájú, a óò rí i pé ohun tí ó fẹ́ ló ṣe. Àìtó aṣọ ló ń fa apá kan nínú rẹ̀: bí búlúù bá tán, èwo ni yóò tẹ̀ lé e? Ìpinnu yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fún obìnrin tí onílẹ̀ ń yan ohun tí yóò gbìn fún un, tí olówó ń yan iye tí yóò gbà, tí òtútù ń yan ìgbà tí yóò sùn, ojú kúìtì jẹ́ ibi tí òun nìkan ti ń pàṣẹ. Níbẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń béèrè ìdí tí iṣẹ́ yìí fi ń dùn mọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló dùn mọ́ ṣá. Loretta Pettway, tí àwọn kan kà sí ọ̀kan nínú àwọn tí ọgbọ́n wọn jinlẹ̀ jù, sọ ní gbangba pé òun kò fẹ́ràn ìránṣọ. Àwọn ọmọ òun ń gbọ̀n, kò sí owó láti ra ìbora, nítorí náà ni òun ṣe rán an. Àwọn òǹkọ̀wé tí ó ń fi Gee's Bend ṣe àpẹẹrẹ ayọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ sábà máa ń fo ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí dá, bẹ́ẹ̀ sì ni òun pẹ̀lú wà lára àwọn mẹ́ta láti Gee's Bend tí ìjọba Amẹ́ríkà fi oyè àjogúnbá àṣà dá lọ́lá ní 2015. Àwọn méjì tó kù ni Mary Lee Bendolph àti Lucy Mingo.

Ẹgbẹ́ Freedom Quilting Bee

Títí di 1962, ọkọ̀ ojú omi kan máa ń gbé àwọn ará Gee's Bend sọdá sí Camden, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba agbègbè náà wà. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá láti lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò, wọ́n dá ọkọ̀ náà dúró, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí omi sì di ìrìn nǹkan bí wákàtí kan lórí ilẹ̀. Ọdún 2006 ni ọkọ̀ tó pa dà sẹ́nu iṣẹ́. Martin Luther King wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní oṣù kejì ọdún 1965, ọ̀pọ̀ wọn sì bá àwọn afẹ̀hónúhàn rìn. Àwọn kan ní agbègbè náà pàdánù iṣẹ́ àti ilé nítorí rẹ̀.

Ní òpin ọdún yẹn, àlùfáà ìjọ Episcopal kan, Francis X. Walter, rí kúìtì tí wọ́n sá sórí okùn níwájú ilé kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra irú rẹ̀ ní dọ́là mẹ́wàá ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kó wọn lọ tà ní gbàǹjo ní New York. Ní oṣù kẹta ọdún 1966, àwọn obìnrin Gee's Bend àti ti àwọn abúlé itòsí dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Freedom Quilting Bee. Estelle Witherspoon ni ó darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó tí ẹgbẹ́ yìí san ni owó àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ti oko.

Owó náà ní ohun tí ó gbà pa dà. Àwọn ilé ìtajà ńlá ní ìlú fẹ́ kí kúìtì mẹ́wàá rí bákan náà, kí igun wọn gún, kí àwọ̀ wọn bá ti ìwé ìpolówó mu. Ní 1972, ilé iṣẹ́ Sears gbé iṣẹ́ aṣọ ìrọ̀rí fún ẹgbẹ́ náà, kọ́dúrọ́ì ni wọ́n sì fi ń rán an: àwọ̀ góòlù, àwọ̀ píà, àti pupa. Ìpinnu kò sí lọ́wọ́ aránṣọ mọ́. Ṣùgbọ́n ègé tí ó ṣẹ́kù kò bá ìwé àdéhùn lọ, àwọn obìnrin sì ń kó o lọ sílé. Kọ́dúrọ́ì nípọn, kò rọrùn láti gé wẹ́wẹ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe lò ó ní ègé gbàràmù-gbaramu, tí ilà ara rẹ̀ sì ń mú ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ bí a bá ṣe yí i. Àwọn kúìtì kọ́dúrọ́ì tí wọ́n fi iṣẹ́kù yìí rán sórí bẹ́ẹ̀dì ara wọn wà lára èyí tí ó dára jù tí abúlé náà ní. Ẹgbẹ́ náà kógbá sílé ní 2012.

Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ara ògiri

William Arnett, ẹni tí ó ń kó iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú jọ, rí àwòrán kúìtì kan tí Annie Mae Young rán nínú ìwé, ó sì wá a dé Gee's Bend ní 1998. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan tí ó fi ra ọgọ́rọ̀ọ̀rún kúìtì, ìpàtẹ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2002 ní Museum of Fine Arts ní Houston, ó sì dé Whitney ní New York ní ọdún kan náà. Àwọn alárìíwísí fi wọ́n wé iṣẹ́ àwọn gbajúmọ̀ ayàwòrán òde òní. Ìyìn náà pọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ìbéèrè kan dání: kí ló dé tí a fi ní láti fi obìnrin tí ó rán kúìtì wé ọkùnrin tí ó ya àwòrán kí a tó gbà pé ó mọṣẹ́? Ní 2006, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà fi àwòrán kúìtì mẹ́wàá sára sítáǹpù.

Àwọn obìnrin náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 2003 láti máa ta iṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, ẹjọ́ ṣẹlẹ̀. Ní 2007, Annie Mae Young, Loretta Pettway àti ẹnì kan sí i pe ẹjọ́ lórí owó tí ó ń wọlé láti ara kúìtì àti àwòrán wọn. Ìdílé Arnett sọ pé àwọn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Wọ́n yanjú rẹ̀ láìdúró de ìdájọ́ ní 2008. Ohun tí ẹjọ́ náà gbé síta ṣì wà nílẹ̀: ẹni tí ó ra aṣọ kò ra bátànì tí ó wà lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni èrè tí ó wà nínú bátànì lè ju ti aṣọ lọ. Láti 2021, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń rán kúìtì ní abúlé náà ti ní ìsọ̀ tiwọn lórí Etsy, níbi tí wọ́n ti ń dá iye lé iṣẹ́ wọn fúnra wọn.

Àríyànjiyàn lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀

Àwọn onímọ̀ kan, pàápàá Maude Southwell Wahlman nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1993, rí ìjọra láàárín kúìtì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àti aṣọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ó bá ti rí bí a ṣe ń rán ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ òfì pọ̀ di agbádá yóò mọ ìdí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn kò gbà: Housetop jọ bátànì kan tí àwọn aláwọ̀ funfun náà ń rán káàkiri Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1860. Ìtàn Dinah Miller fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn gba ọ̀nà tààrà láti ilẹ̀ wa dé abúlé yìí. Kò fi hàn pé bátànì bá a wá. Ọ̀rọ̀ méjì ni, kò sì yẹ kí ìfẹ́ tí a ní sí àṣà wa mú wa pa wọ́n pọ̀.

Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìgbafẹ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ rán kúìtì lọ́nà Gee's Bend kò nílò ohun tí ó pọ̀: àlùmọ́gàjí tí ó mú, abẹ́rẹ́, òwú ìránṣọ tí ó yi, ohun kékeré onírin tí a ń fi bọ orí ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún un, àti aṣọ tí a ti wọ̀ rí. Ní Nàìjíríà, ègé àǹkárá tí ó kún abẹ́ ẹ̀rọ télọ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ fọ gbogbo rẹ̀, kí èyí tí yóò súnkì ti súnkì, kí àdìrẹ ẹlẹ́lùú sì ti da aró tí yóò dà, nítorí bí ó bá da aró sára aṣọ funfun lẹ́yìn tí a ti rán an tán, ẹ̀pa kò bóró mọ́. A lè fi ọwọ́ ya ọ̀já aṣọ dípò kí a fi rúlà wọ̀n ọ́n. Òwú ìhun ni yóò tọ́ ọ. Kí a tẹ́ ègé sílẹ̀ tàbí sórí bẹ́ẹ̀dì, kí a dúró jìnnà sí i, kí a wò ó, kí a ṣí ọ̀kan nípò pa dà, kí a tó mú abẹ́rẹ́. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà sọ pé ibi wíwò yìí ni adùn rẹ̀ pọ̀ sí jù. Ó tún ṣe é lò fún ẹni tí àkókò rẹ̀ kò tó: a lè rán ọ̀já méjì lónìí, kí a ká a sínú àpò, kí ó dúró dè wá di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ní Gee's Bend fúnra rẹ̀, àwọn obìnrin ń kọ́ àlejò ní iṣẹ́ náà. Ó jẹ́ àṣà wọn láti ìgbà pípẹ́ láti máa sá kúìtì sórí okùn níta nígbà tí òtútù bá ti lọ, kí òòrùn àti afẹ́fẹ́ lè dé ara wọn, kí aládùúgbò sì lè rí ohun tí ẹnì kejì rán. Láti 2022 ni wọ́n ti sọ àṣà yìí di ọdún, ní oṣù kẹwàá: wọ́n á sá kúìtì àtijọ́ àti tuntun káàkiri abúlé, àlejò á máa rìn láàárín wọn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ rà á máa bá ẹni tí ó rán an dúnàádúrà lójúkojú.